Ẹ Kú Ilé

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe ní Òkefìà
kò gbà ju àga méjì lọ.
Ṣùgbọ́n lálẹ́, tí mo bá ti ilẹ̀kùn, tí iná bá wà,
mo máa ń gba ojú fóònù wọ ìlú kan
tí a fi búlọ́ọ̀kù kéékèèké mọ, tí kò ní eruku.
Òṣogbo la sọ ọ́.
Àwa mọ́kànlélógún la tẹ̀ ẹ́ dó:
ẹnì kan ń bẹ ní Kútọnu, ẹnì kan ní Ìlá,
ẹni tó ń jẹ́ Láníyan ń bẹ ní Wínípẹ̀gì,
níbi tí odò ti ń le bí òkúta.

Ìkíni ló kọ́kọ́ dà wá láàmú.
Báwo lèèyàn ṣe ń kí ẹni tí oòrùn rẹ̀ kì í ṣe oòrùn rẹ?
Mo ní, "Ẹ káalẹ́." Ó ní ọ̀sán ṣì ń tàn lójú fèrèsé òun.
"Ẹ kú ìrìn" kò bá a mu. Ta ló rìn?
"Ẹ kú ìjókòó" sún mọ́ ọn, àmọ́ ó ń dunni díẹ̀.
Afúsátù ará Ìlá ló wá là á:
"Ẹ kú iná o."
Ẹni tó bá wọlé, tí NẸ́PÀ ò tíì mú iná rẹ̀ lọ,
ẹ kú iná.
Tí ẹnì kan bá sì ṣàdédé pòórá láàárín gbólóhùn,
a ó ní, "Ẹ kú òkùnkùn,"
a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Láníyan kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀.
Ọmọ ọdún mẹ́fà ló kúrò nílé;
Yorùbá rẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà,
ó ń béèrè omi, ó ń béèrè ìyá,
ó ń sọ pé kì í ṣe òun lòun fọ́ ọ.
Ilé ìyá-ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun wa:
yàrá mẹ́fà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, ìkòkò aró mẹ́ta lẹ́yìnkùlé.
Ó kọ̀wé sí mi: "Awo wo ni ilekun?"
Mo kà á bí awo, mo kà á bí àwo,
kí n tó mọ̀ pé àwọ̀ ló ń béèrè.

Mo gun ọ̀kadà lọ wò ó lọ́jọ́ Àìkú.
Kò sí ilẹ̀kùn. Kò sí ògiri tí ilẹ̀kùn ì bá kọ́ sí.
Yanrìn tirélà kan ló jókòó síbẹ̀,
ewúrẹ́ dúdú kan dúró lórí rẹ̀ bí onílé.
Ìyá Mùtíátù ń ṣa ẹ̀wà lójúde kejì.
"Ilẹ̀kùn Àwẹ̀ró? Àwọ̀ ewé ni, ewé tó ti ń gbó.
Ọ̀dà rélùwéè ló ṣẹ́ kù lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀,
ó fi kun ilẹ̀kùn, ó fi kun àga, ó fi kun ilé adìyẹ.
Gbogbo ẹrù ilé náà dà bí ohun tó fẹ́ lọ sí Kánò."

N kò sọ ọ̀rọ̀ yanrìn fún Láníyan.
Bóyá irọ́ ni. N kò tíì mọ orúkọ tí mo lè pè é.
Mo kọ "ewé tó ti ń gbó," mo fi gbogbo àmì sí i.
Ó kun ilẹ̀kùn. Ó kun àga.
Mo ní kó má gbàgbé ilé adìyẹ.

Lọ́sẹ̀ kejì mo gbé fóònù lọ bá ìyá Mùtíátù.
Ó fi ìró nu ojú rẹ̀, ó wò ó títí.
"Fèrèsé yìí ga jù," ó wí.
Lẹ́yìn náà ó bọ́ sílípáàsì rẹ̀,
ó tẹrí ba níwájú ilẹ̀kùn tí kò tó èékánná,
ó ní, "Ẹ kú ilé o."
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń hó wùùù. Èémí ẹnì kan.
Ohùn ọkùnrin kan sì jáde láti Wínípẹ̀gì,
ó ń ṣubú níbi tó yẹ kó ti dìde:
"E kaabo, ma."
Ìyá Mùtíátù kò tún un ṣe.
Ó ní, "O ṣeun, ọmọ.
Ṣùgbọ́n ẹ fa fèrèsé yẹn wálẹ̀ díẹ̀."